Ìpara Mọ́tò Tí Kò Jẹ́ Kí Ọ̀dà Dúró

Ní Ìkẹ́rẹ́, bí ara ọmọ kò bá yá, ìyá rẹ̀ kì í ṣàdédé gbé e lọ sílé ìwòsàn. Yóò kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́, yóò fi ìpara ra á lára, yóò sì wọ̀ ọ́ láṣọ tó mọ́. Ibà lè máa ṣe ọmọ o, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dán. Ìyá wo ló fẹ́ kí nọ́ọ̀sì wo ọmọ òun kó yínmú?

Ohun tí Màmá Florence ṣe fún Pijó, mọ́tò ọkọ rẹ̀, gan-an nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ pẹ́ńtà.

Ìyàwó Tíṣà Dáramọ́lá ni Màmá Florence; orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni Florence. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Ìtùnúolúwa tí í ṣe ọmọ wọn kan ṣoṣo sì ti lọ sílé ọkọ ní Adó. Látìgbà náà, mọ́tò yẹn ló di àbíkẹ́yìn ilé. Tíṣà ló ń wà á, ìyàwó rẹ̀ ló ń fi ìpara pa á lára. Ní gbogbo Sátidé, yóò mú àkísà àti ike ìpara mọ́tò tó ń rà nílé epo, yóò máa nù ún, yóò máa nù ún, títí yóò fi rí eyín ara rẹ̀ nínú ilẹ̀kùn mọ́tò. Tíṣà á jókòó sórí àga lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ń jowú mọ́tò.

Ṣùgbọ́n oòrùn kò mọ ìpara. Ó ti bó ọ̀dà tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìpẹtà sì ti ń jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ni Tíṣà bá ní Fọláhàn ni òun máa gbé e fún. Tíṣà ló kọ́ Fọláhàn ní ìwé márùn-ún nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà lọ kọ́ṣẹ́ pẹ́ńtà mọ́tò ní Ìlawẹ̀, ó gba fíríìdọ́ọ̀mù, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ta páànù ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà Adó. Kò tíì sí mọ́tò tó kùn látòkè délẹ̀ fúnra rẹ̀ rí. Ti Tíṣà ni àkọ́kọ́, gbogbo ará ìjọ wọn ló sì mọ mọ́tò náà.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn, bí Tíṣà ṣe wọ balùwẹ̀, Màmá Florence sáré mú ike ìpara rẹ̀. Ó fi pa mọ́tò náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó fi èyí tó ṣẹ́ kù nu inú rẹ̀. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀, nítorí kí ló wà níbẹ̀ láti sọ?

Ní Tọ́sìdeè, Fọláhàn ránṣẹ́ pè wọ́n. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ti kun bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn méjèèjì ti iwájú, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà ti dá ihò wínníwínní sára. Ó rí roboto-roboto bí ojú ẹja tútù. Ńṣe ni ọ̀dà ń sá kúrò lójú kan, tó ń lọ ṣù jọ sí òmíràn.

"Tíṣà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi sánpépà há a kúrò," ni Fọláhàn wí. "Mo tún un fọ́n, ó tún yọjú."

Ènìyàn dáadáa ni Tíṣà o, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

"Fọláhàn! Uṣẹ́ tí o lọ kọ́ rè é? Àbí ọ̀dà ayédèrú lo rà? Ẹni tí mo gbójú lé ló wá ba mọ́tò mi lára jẹ́!"

Àwọn mẹ́káníìkì tó wà nítòsí ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Tíṣà kò bìkítà. Ó ní bó bá di Sátidé òun ń wọ́ mọ́tò òun lọ sí Adó, gbogbo ẹni tó bá sì bi òun ni òun máa sọ fún pé Fọláhàn kò mọṣẹ́.

"Bàbá Ìtùnú, ẹ rọra," ni Màmá Florence ń wí. Àánú ọmọ náà ṣe é dọ́kàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta páànù, bí wọ́n bá ti bà á lórúkọ jẹ́ lórí iṣẹ́ àkọ́kọ́, ta ni yóò tún gbé mọ́tò wá?

Fọláhàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi fóònù pe ọ̀gá rẹ̀ ní Ìlawẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Fúráídè, Ọ̀gá Ládépọ̀ dé. Àgbàlagbà tí kì í kánjú ni, ọ̀dà ti kun èékánná rẹ̀ títí tí kò fi mọ́ mọ́. Ó wo àwọn ihò náà, ó fọwọ́ pa wọ́n. Ó ní kí wọ́n bu omi wá. Ó da omi náà sórí búùtù, níbi tí Fọláhàn kò tíì fọwọ́ kàn. Omi náà kò tàn kálẹ̀. Ó ṣù jọ ní kóro-kóro, ó sì ń yí kúrò bí omi tí wọ́n dà sórí ewé kókò.

"Hẹn-ẹn," ni Ọ̀gá Ládépọ̀ wí. "Tíṣà, kí lẹ fi pa mọ́tò yìí lára láìpẹ́?"

"Láàárọ̀ Mọ́ńdè tí mo gbé e wá, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fi pa á!" Tíṣà dáhùn. "Mo wẹ̀, mo jáde, mo wà á wá síbí. Mo lè búra."

Màmá Florence rántí ike ìpara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ búra níwájú èèyàn, báwo ni òun ṣe máa wá sọ ọ́ di onírọ́?

Ni Fọláhàn bá wólẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má yọ Tíṣà lẹ́nu. Ó lè jẹ́ ọwọ́ mi ni kò tíì mọ́ iṣẹ́. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

Èyí ni Màmá Florence kò lè gbà. Kí ọmọ ọlọ́mọ máa gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, kí òun sì máa wò ó?

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo fi ìpara pa á láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi pa á. Mi ò fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín bí ọmọ tí kò ní ìyá. Mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe nǹkan kan."

Ọ̀gá Ládépọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ kò jẹ̀bi ìfẹ́. Ohun tó wà nínú ìpara yẹn là ń sọ. Wọ́n ń pè é ní sílíkónì. Òun ló ń mú mọ́tò dán, òun náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ irin. Ó wà nínú èyí tẹ́ ẹ fi ń pa dáṣíbọọ̀dù, ó wà nínú èyí tí wọ́n fi ń pa táyà. Bí ẹ bá fọ́n ọn nítòsí, afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ bá mọ́tò ẹlòmíràn tí wọ́n ń kùn lọ́wọ́."

"Ṣé ọṣẹ kò lè fọ̀ ọ́ ni?" Màmá Florence béèrè.

"Ọṣẹ nìkan kò ká a." Ó yíjú sí Fọláhàn. "Ìwọ náà jẹ tìrẹ níbẹ̀. O kò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń pa á. O sì kọ́kọ́ fi sánpépà há a kí o tó nu ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Ńṣe lo fọwọ́ ara rẹ ri ìpara náà wọnú irin."

Tíṣà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ tó kọ́ ní ìwé márùn-ún. Ó ṣí fìlà lórí.

"Fọláhàn, níwájú èèyàn ni mo ti bú ọ, níwájú èèyàn náà ni mo ti ń bẹ̀ ọ́. Mo ṣì ọ́ dá lẹ́jọ́. Dárí jì mí, ọmọ mi." Ó wá di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Ìyá Ìtùnú, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́. Èmi ni ì bá ti ba orúkọ ọmọ yìí jẹ́."

Omi bọ́ lójú Màmá Florence, ti Fọláhàn náà kò sì gbẹ.

Wọ́n jẹ́ kí ọ̀dà tó ti wà lára mọ́tò gbẹ dáadáa. Fọláhàn fi ọṣẹ àti omi fọ mọ́tò látòkè délẹ̀. Ó wá mú oògùn tí àwọn pẹ́ńtà fi ń nu ọ̀rá kúrò lára irin: ó fi àkísà mímọ́ kan pa á, ó fi òmíràn tó gbẹ nù ún kúrò kí ó tó gbẹ mọ́ ọn lára, ó sì ń pààrọ̀ àkísà lóòrèkóòrè. Lẹ́yìn èyí ló tó há a pẹ̀lú sánpépà, tó tún un nù. Nígbà tó fọ́n ọ̀dà, ọ̀dà náà jókòó pẹ̀sẹ̀ sára mọ́tò. Kò sí ojú ẹja kankan.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ní mọ́tò, ìpara dídán kì í ṣe ọ̀tá yín, ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ kun mọ́tò, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀, ẹ má sì fi pa nǹkan kan nínú mọ́tò tàbí táyà. Ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń fi pa á fún pẹ́ńtà, kódà bí kò bá bi yín. Ẹ bi àwọn ará ilé yín pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kùn ún tán, omi àti ọṣẹ tí kò le ti tó o títí pẹ́ńtà yóò fi sọ pé ọ̀dà ti gbẹ dénú, èyí sì lè tó oṣù kan tàbí méjì.

Ẹ̀yin pẹ́ńtà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan mọ́tò. Ẹ nu ọ̀rá kúrò kí sánpépà tó kàn án. Ẹ má fi bẹntiróòlù nù ún, nítorí iná. Ẹ má sì jẹ́ kí ìpara mọ́tò wọ ibi tẹ́ ẹ ti ń fọ́n ọ̀dà.

Bí iṣẹ́ bá sì bàjẹ́, ká wádìí kí a tó pariwo. Ọ̀dà tó bàjẹ́ ṣeé há kúrò, ká tún un kùn. Orúkọ ọmọ ènìyàn kò ní sánpépà.