Elésè-àlùkò Lẹ́bàá Odò

Ẹrẹ̀ oko kòkó ṣì wà ní bàtà Humairah nígbà tó wọ ọ́fíìsì wọn ní Òṣú, tó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan kọ̀ǹpútà. Àmì pupa ló kún àwòrán oko tó ń wò. Ọkùnrin náà rẹwà, ṣùgbọ́n inú ló kọ́kọ́ bí Humairah.

"Bọ̀dá, níbo ni àwọn igi mi wà?"

"Igi wo, àǹtí?"

"Èyí tí mo fín lóògùn. Àmì búlúù ni mo fi sí wọn."

Nehemiah, ọmọ Iléṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ náà, wo àwòrán títí. Òun ló fi pupa sàmì sí igi tí èso rẹ̀ ń jẹrà. Níbi tí igi kan ti ní àmì méjèèjì, pupa tó dé kẹ́yìn ti bo búlúù mọ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọ̀ wọn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí tìsàlẹ̀ lè hàn."

Bí ó ti ṣe é báyìí, pupa àti búlúù wọnú ara wọn. Elésè-àlùkò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́bàá odò tó wà nínú àwòrán náà. Humairah sún àga mọ́ ọn.

"Mo fín àwọn wọ̀nyí, wọ́n ṣì ń jẹrà! Kí ló fà á?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Wọ́n jọ lọ. Ewé ibẹ̀ ṣì tutù rinrin lọ́sàn-án gangan, nítorí ẹ̀ka tó pọ̀ kò jẹ́ kí oòrùn wọlé. Kí wọ́n tó gé ẹ̀ka wọ̀nyẹn tán, "àǹtí" ti di "olólùfẹ́ mi".

Iléṣà ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú, nígbà tí Nehemiah mú un lọ sílé wọn. Màmá Lucy, ìyá Nehemiah, fayọ̀ dì mọ́ ọmọbìnrin náà. "Ẹsítérì ni màá máa pè ọ́, ìyàwó mi. Ìyẹn ló bá ṣọ́ọ̀ṣì wa mu." Nehemiah kàn rẹ́rìn-ín.

Lójú ọ̀nà, omi bọ́ lójú Humairah. "Wọ́n bò mí mọ́lẹ̀, o tún ń rẹ́rìn-ín."

Bàbá rẹ̀, Alhaji Sànúsí tó ń ránṣọ l'Óṣogbo, gbọ́. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ó wí. "Ilé tèmi ni mo wò. Ilé tí wọn ò bá ti lè pe orúkọ ọmọ mi, kò ní lọ síbẹ̀."

Ojú ti Nehemiah. Ó padà lọ bá ìyá rẹ̀. "Màámi, Humairah ni mo fẹ́. N kò mọ Ẹsítérì kankan."

"Ṣé kì í ṣe ìfẹ́ ni mo fi pè é bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ìfẹ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n a ò rí òun fúnra rẹ̀ mọ́."



Nígbà tó di Sátidé, ìyá àti ọmọ wọ ilé Alhaji. Bàbá ò tíì ní kí wọ́n jókòó tó fi béèrè pé, "Ìyá Nehemiah, kí lorúkọ ọmọ mi?"

"Umáírà." Ìyá tún un pè. "Humairah. Ọmọ mi, má bínú sí mi." Ó fa ẹní ìkírun tuntun kan yọ nínú báàgì. "Mo rà á kí o lè máa rí nǹkan kírun lé lórí nílé wa."

Alhaji fọwọ́ júwe àga. "Ẹ jókòó, àna mi."

Humairah tú ẹní náà. Elésè-àlùkò ni.

"Nehemiah, ta ló yan àwọ̀ yìí?"

"Èmi ò mọ nǹkan kan o."

"Irọ́ lò ń pa," ó wí, ó sì lọ jókòó tì í.