Àfojúsùn Tí Mo Tọ́jú Sínú Orí

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ò tíì lù tí ariwo ọmọ mi obìnrin ti gba gbogbo ilé iṣẹ́ wa kan. Rọ́bà tó ń gbé gáàsì láti ara sílíńdà dé ìdí sítóòfù la ń ṣe níbẹ̀. Èmi ni mo dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, nígbà tí ìbàdí mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Nígbà tó wá di pé bí mo bá jókòó, èèyàn méjì ló ń fà mí dìde, mo gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, mo sì di arúgbó tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti máa yọ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu.

"Ẹ kó ẹrù yín!" Baba Olómi ni ọmọ mi ń bá wí. "Ẹ ò gbọdọ̀ dé ìdí bàsíà yẹn mọ́!"

Baba Olómi la ń pè é nítorí pé òun ló ń dán rọ́bà wò. Á dí rọ́bà lẹ́nu lápá kan, á fi páǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á wá tẹ̀ ẹ́ rì sínú bàsíà omi. Bó bá ń jò, omi á máa hó kùtùkùtù níbẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í sì í purọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ńṣe ló kàn dúró, omi ń kán tótó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Obìnrin télọ̀ kan, aránṣọ, ra rọ́bà wa. Rọ́bà náà ń jò díẹ̀díẹ̀, gáàsì kún ilé ìdáná, obìnrin náà ò mọ̀, ó ṣá ìṣáná. Mo lọ wò ó nílé ìwòsàn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi báńdéèjì wé.

Ó ní, "Mama, dókítà ní àwọn ò tíì mọ̀ bóyá ìka mi á tún lè di abẹ́rẹ́ mú."



Ìdí nìyẹn tí ọmọ mi fi fẹ́ lé Baba Olómi, tó sì ti ń kọ lẹ́tà sí ìjọba pé bàbá náà ló fa gbogbo ẹ̀. Bí lẹ́tà yẹn bá jáde, iṣẹ́ lọ, orúkọ bàjẹ́, bóyá ẹ̀wọ̀n náà sì wà níbẹ̀.

Ibi tí ọmọ mi ti ń fa Baba Olómi lọ́wọ́ jáde ni obìnrin kan wọlé, fáìlì lábíyá. Ọ́físì ìjọba tó ń yẹ ọjà wò ló rán an wá nítorí iná náà.

Ó kí wa, ó wá yíjú sí Baba Olómi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ri rọ́bà bọmi, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ tó fà á yọ?"

"Títí ọkàn mi á fi balẹ̀ ni."

"Ìgbà wo lọkàn yín máa ń balẹ̀?"

"Mo máa ń ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Bí iṣẹ́ bá wọ́ jọ, mo lè dúró lórí ẹ̀fà."

Ọmọ mi lu itan pàà. "Ẹ ò gbọ́! Ẹ̀fà! Bàbá yìí fẹ́ pa wá run!"

"Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀, Bàbá?"

Ilẹ̀ ni Baba Olómi ń wò. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá, ìyẹn gan-an ló gún mi lọ́kàn. Ó ń bo àṣírí mi.

"Èmi ni," mo sọ látẹnu ọ̀nà. "Èmi ni mo ní kó máa kà á títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀. Ọgọ́ta ni èmi máa ń kà nígbà tèmi. Èyí tó ń jò díẹ̀díẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó fara hàn."

"Ṣé ẹ wá sọ ọgọ́ta yẹn fún un, Mama?"

"Mo rò pé ó mọ̀."

"Ibo lẹ kọ ọ́ sí?"

Mo fi ìka gbá orí mi. "Ibí yìí."

"Bí ẹ bá wá ń lọ sílé nírọ̀lẹ́, ṣé ẹ máa ń bọ́ orí yín kalẹ̀ fún wọn ni?"

Ẹ̀rín gbé mi. Orí tí kì í rántí ibi tí mo bọ́ bàtà sí ni mo fi ṣe fáìlì ilé iṣẹ́! Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín o. Kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi di ẹkún.

Obìnrin náà jẹ́ kí n sunkún tán. Ó wá bi ọmọ mi pé, "Kí ni àfojúsùn yín?"

Ọmọ mi nawọ́ sí ògiri, níbi tí a fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí gàdàgbà: OJÚLÓWÓ NI TIWA.

"Ó dáa lójú ògiri. Ṣùgbọ́n báwo ni Bàbá ṣe máa fi wọn rọ́bà? Nínú ọgọ́rùn-ún rọ́bà, mélòó lẹ gbà pé ó lè jò kó ṣì jáde?"

"Bóyá ẹyọ kan," ọmọ mi dáhùn.

"Mo rò pé méjì, mẹ́ta ò burú," Baba Olómi sọ jẹ́jẹ́.

"Ẹyọ kan ò gbọdọ̀ jáde!" Èmi nìyẹn.

"Ẹ ò rí i? Ẹ̀yin mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta. Màdámú, kì í ṣe ọkùnrin yìí ló yẹ kẹ́ ẹ lé."

Ọmọ mi fa lẹ́tà náà ya, ó mú ìwé mìíràn. A kọ ọ́ pé rọ́bà kọ̀ọ̀kan á lo ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá nínú omi, aago ara ògiri la ó máa wò, kì í ṣe ọkàn ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá jò ò gbọdọ̀ jáde, kódà ẹyọ kan. Baba Olómi á máa kọ iye tó dán wò àti iye tó jò lójoojúmọ́. Ọmọ mi á máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. A kọ déètì sí i, a bu ọwọ́ lù ú. Obìnrin náà ní kí a kéde pé kí gbogbo ẹni tó ti ra rọ́bà wa dá a padà, a sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Baba Olómi rí rọ́bà mọ́kànlá tó ń jò. Mọ́kànlá! Ó kó wọn wá sí iwájú mi, a jọ tún wọn kà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Télọ̀ yẹn ti lè di síbí mú báyìí. Abẹ́rẹ́ ló kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́, ì báà jẹ́ èèyàn mẹ́ta péré lẹ jẹ́, ẹ kọ àfojúsùn yín nípa ojúlówó ọjà sílẹ̀. Ẹ kọ iye, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ẹni tó máa ṣe é àti ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kà á sétí gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, ẹ padà wò ó bóyá ẹ bá a tàbí ẹ ò bá a, kí ẹ tún un ṣe bó bá yẹ. Kí ẹ tó lé ẹnikẹ́ni nítorí pé ó ṣàṣìṣe, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnì kan ti kọ ohun tó tọ́ sílẹ̀ fún un rí.