Ohun Tí Ìyá Adìyẹ Pò Mọ́ Omi

"Kí lò ń pò síbẹ̀ yẹn?"

Ọmọbìnrin náà gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ó yára di ìkúùkù mọ́ èèpo kápúsù méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìyẹ̀fun inú wọn sínú omi àwọn adìyẹ.

"Fítámì ni, mà."

Ìyá rẹ̀ mi orí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Aránṣọ ni obìnrin náà, ohunkóhun tí ọmọ rẹ̀ bá sì sọ, àmín ló máa ń ṣe sí i.

Ìyá Adìyẹ ni àwọn ọmọ kíláàsì ń pe ọmọbìnrin yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ẹgbẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sin adìyẹ mẹ́wàá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá tóbi jù ni yóò gba ife ẹ̀yẹ, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ ìtọ́jú ẹranko yóò sì gbà á wọlé. Kò sí ohun mìíràn tí ọmọ yìí ń fẹ́ láyé. Òfin kan ṣoṣo ló le níbẹ̀: adìyẹ tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ jẹ oògùn.

Dókítà ẹranko, obìnrin kan tí ẹ̀rín wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wá sọ ìdí rẹ̀ fún wọn ní kíláàsì.

"Ẹ má po oògùn apakòkòrò àrùn sínú omi ẹran tí kò ṣàìsàn," ó wí. "Bí oògùn náà bá kéré, kòkòrò tó le kò ní kú. Ńṣe ló máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá oògùn jà. Ọgbọ́n ìjà yẹn lè wà nínú òrùka róbótó kan tí ojú lásán ò lè rí, plásímíìdì ni wọ́n ń pè é. Kòkòrò kan á ṣe ẹ̀dà òrùka yìí, á nà án sí èkejì, bí wọn ò tilẹ̀ jẹ́ irú kan náà. Èyí tó wà nínú adìyẹ lè fún èyí tó wà lára èèyàn. Èyí tó fúnni á ṣì ní tirẹ̀ lọ́wọ́."

Mọ̀ọ́tán, ọ̀rẹ́ Ìyá Adìyẹ, fi ìwé bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ rẹ̀ rò ó: kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé, àfi èyí tí wọ́n bá béèrè nínú ìdánwò.

"Fi obìnrin yẹn sílẹ̀ jàre," ló wí nígbà tí wọ́n jáde. "Ta ni ò ṣe é nínú àwọn tó ń sin adìyẹ? Kápúsù apakòkòrò méjì péré lóòjọ́, wọ́n á yára tóbi. Díẹ̀ ò lè pààyàn."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Díẹ̀ yẹn gan-an ni kòkòrò àrùn ń wá tó fi ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ife ẹ̀yẹ ti wọ̀ lójú, etí rẹ̀ ti di. Ó ra kápúsù lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ó ń pò ó láràárọ̀. Àwọn adìyẹ rẹ̀ tóbi, wọ́n ń yan fanda káàkiri ẹ̀yìnkùlé.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ọ̀kan nínú wọn dá lẹ́sẹ̀. Ìyá ọmọ náà ní kàkà kí adìyẹ náà jìyà, kí àwọn pa á jẹ. Ibi tó ti ń yọ ìfun rẹ̀ ni ọ̀bẹ ti yẹ̀, tó gé e nídìí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Ojú ọgbẹ́ náà ò tó èékánná. Ó fi àkísà kékeré kan dì í, ó sì lọ jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ náà wú, ó ń dán, ara obìnrin náà sì gbóná janjan. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà fọwọ́ kan ọwọ́ náà, obìnrin náà figbe ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà yìí, oorun ti wọ̀ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó pe ọmọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Èsì àyẹ̀wò ò lè jáde títí di Ọjọ́bọ̀," ó wí. "Ẹnu rẹ ni mo gbójú lé báyìí. Ìyá ẹ ní adìyẹ ló ń pa tó fi gé ọwọ́. Ṣé ẹ máa ń fún àwọn adìyẹ yẹn lóògùn? Tí mo bá mọ irú rẹ̀, mi ò ní fi í bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, torí kòkòrò lè ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà."

Ọmọ náà wo bàtà rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ kan náà ni ìdíje. Dókítà ẹranko ni adájọ́, ọ́fíìsì rẹ̀ kò sì ju ojúlé méjì lọ sí ilé ìwòsàn. Bí òun bá sọ ọ́, ó ti dé ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ó sì ṣe tán, ọgbẹ́ kékeré ni.

"Rárá, sà. Fítámì nìkan ni."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Oògùn tó jẹ́ ọmọ ìyá ti inú kápúsù yẹn gan-an ni dókítà fi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi bírò fa ìlà yí ibi tó pọ́n dé lọ́wọ́ obìnrin náà. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pípọ́n náà ti ré ìlà kọjá. Nọ́ọ̀sì fa òmíràn. Ó tún ré e kọjá ní Ọjọ́rú, ó ń lọ sí ìgúnpá. Ọmọ náà jókòó ti ibùsùn, ó ń wo ìlà, ó sì mọ ohun tó mọ̀. Ìgbà mẹ́fà ni dókítà kọjá níwájú rẹ̀. Ọmọ náà kò jẹ́wọ́.

"Ṣé àwọn adìyẹ rẹ ti jẹun?" ìyá rẹ̀ béèrè láàárín ìrora. "Má jẹ́ kí àìsàn mi dí ẹ lọ́wọ́."

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n wọn àwọn adìyẹ, tirẹ̀ ló tẹ̀wọ̀n jù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó gbé ife ẹ̀yẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì bá dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò lọ́wọ́.

"Oògùn tí mo ti ń fún ìyá ẹ láti ọjọ́ Ajé, omi lásán ni lójú kòkòrò yìí," dókítà wí. "Kí lẹ fún àwọn adìyẹ yẹn?"

Ìgbà yìí ni ẹkún gbọ̀n ọ́n, tó jẹ́wọ́. Dókítà ò jágbe mọ́ ọn. Ì bá sàn ká ní ó jágbe.

"Oògùn tó máa kápá ẹ̀ wà nílé oògùn wa níbí," ó wí. "Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé ni, òun ni ǹ bá fún un. A ti fún un báyìí, kó má bàa kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ti kú."

Wọ́n gé e lókè ìgúnpá lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nígbà tí dókítà ẹranko gbọ́, ó gba ife ẹ̀yẹ padà. Ó ní kí wọ́n pa adìyẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kí wọ́n sun wọ́n, ó sì gbé ìgbẹ́ wọn lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tó padà wá, kò jókòó.

"Kòkòrò inú adìyẹ rẹ kọ́ ló ba ọwọ́ ìyá ẹ jẹ́," ó wí. "Kòkòrò mìíràn ni, irú èyí tó lè ti wà lára òun fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí oògùn ì bá pa. Ṣùgbọ́n òrùka kan náà la bá nínú àwọn méjèèjì. Ìwọ lo kọ́ ti adìyẹ níjà. Òun ló wá kọ́ ìkejì."

Àwọn oníbàárà wá kó aṣọ tí ìyá náà ò tíì gé lọ, wọ́n ń kí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mọ̀ọ́tán náà wá lẹ́ẹ̀kan, ẹnu ọ̀nà ló ti padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn kó tirẹ̀ lọ, ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, mà."

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ òsì da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ọ̀ràn kápúsù, mo dárí ẹ̀ jì ẹ́. Ọmọdé ni ẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta lo fi jókòó tì mí, tí mò ń jẹrà lójú ẹ, tó o sì mọ̀. Ìyá ẹ ni mí, mi ò lè lé ẹ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ohunkóhun tó o bá sọ fún mi, màá kọ́kọ́ bi ẹlòmíràn wò kí n tó gbà á."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, ẹ má fi oògùn apakòkòrò ṣe oúnjẹ fún ẹran tàbí fún ara yín. Ohun tí kòkòrò kan bá kọ́ nílé yín, ó lè kọ́ òmíràn tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí. Bí ẹ bá sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹ tètè sọ òótọ́ nígbà tí òótọ́ ṣì lè ranni lọ́wọ́. Ọmọbìnrin yìí sọ tirẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n bi í.