Ohùn Ìyá Khalil

Ohun tó kọ́kọ́ ya Humairah lẹ́nu ni pé obìnrin náà fi ìborùn bojú kó tó dá a lóhùn. Ní Àpòmù ni, lọ́sàn-án gangan, nídìí agbada tó ti ń dín dòdò lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ṣé ará Ìkirè ni yín?" obìnrin náà bi í.

"Rárá o, Ìbàdàn ni mo ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí."

Ìgbà yẹn ló tó ṣíjú.

Humairah ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn ṣe ìwádìí ni, ìwádìí nípa dòdò Ìkirè ló sì gbé e jáde. Olùkọ́ rẹ̀ ti kìlọ̀: béèrè, kí o sì dákẹ́, má fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, bí o bá ti ṣèlérí pé o ò ní tú àṣírí ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀, má yẹ àdéhùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ojúmìító ti wà lára rẹ̀ kó tó di olùwádìí.

Ìyá Khalil, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin náà, gbà kó fi fóònù ká ohùn òun sílẹ̀. Ó ń fún ọmọ lọ́yàn, ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe ń po ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, àti bí òun ṣe máa ń ju ẹyọ àkọ́kọ́ sínú eérú kí epo má baà bínú.

"Ta ló kọ́ yín?"

Ó gbá ọmọ mọ́ra. "Ìyá mi ni, n'Íkirè. Jọ̀ọ́, àbúrò mi, ohùn mi ò gbọdọ̀ dé ọ̀hún. Torí ọmọ yìí ni mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́."

Humairah ṣèlérí.

Lọ́jọ́ kejì, ó wà n'Íkirè lọ́dọ̀ Màmá Àbídì, àgbà nínú àwọn tó ń dín dòdò. Màmá mú ẹyọ àkọ́kọ́, ó jù ú sínú eérú. Orí Humairah wú.

"Màmá, ta ló tún ń ṣe báyìí?"

"Èmi àti Soliat ọmọ mi nìkan ni. A sì ti sin ín tipẹ́."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìka ni Humairah fi dá ọ̀ràn tirẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ ṣá ni, ó bá tẹ fóònù. Màmá gbọ́ ohùn náà, síbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi nìyẹn," ló rọra wí. "Níbo ló wà?"

Humairah kọ̀, kò sọ. Ṣùgbọ́n nínú fóònù yẹn náà ni oníbàárà kan ti ń yin dòdò Àpòmù. Màmá ti wọ bàtà. Humairah sáré tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ̀rù sì bà á gidigidi. Ta ni kò mọ̀ pé àkúdàáyà kì í dúró de ẹni tó sin ín?

Nígbà tí wọ́n dé Àpòmù, iná ń jó, dòdò ń jóná nínú epo, kò sẹ́ni tó ń yí i. Khalil ń ké lórí ẹní, wàrà ṣì wà létè rẹ̀. Tawheed, bàbá rẹ̀, dúró tòun ti ìborùn ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ó ní òun ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìyá òun," ló wí. "Ó gbọ́mọ kalẹ̀. Aṣọ rẹ̀ nìkan ni mo bá."

Màmá Àbídì gbé ọmọ náà, omi ń dà lójú rẹ̀. Tawheed kọjú sí Humairah.

"Àǹtí, ta lẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn ìyàwó mi?"

Humairah fi fóònù náà pamọ́ sẹ́yìn. Ọmọ náà ń forí wá ọyàn láyà ìyá arúgbó.