Ìbọ̀wọ́ Inú Garawa

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá òkú Olúwadábírà nílẹ̀ yàrá ìdánrawò ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ṣàngótẹ̀dó, níbi tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ bí a ṣe ń na irinṣẹ́ sí dókítà nígbà iṣẹ́ abẹ. Ẹnìkan ti fi abẹ gún un lọ́rùn. Kíá, àwọn ọlọ́pàá gbé Yísà, ọmọ apẹja tó ń ṣọ́ géètì, nítorí pé òun ló ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí kò ní alátìlẹ́yìn ni wọ́n máa ń tètè rí mú nílùú yìí, ó sì ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ pé Yísà ló pa á kò wọ Ìnsípẹ́kítọ̀ Rọ̀kíbátù létí. Ó ti rí ìbọ̀wọ́ rọ́bà nínú garawa ìdọ̀tí. Wọ́n bọ́ ọ, inú rẹ̀ di ìta, wọ́n ká ọ̀kan sínú èkejì, gbogbo ẹ̀jẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún. Ó kó àwọn mẹ́ta tó wà nínú ọgbà ní ìrọ̀lẹ́ àná wá sí yàrá náà: Yísà, Fọláránmi àfẹ́sọ́nà olóògbé, àti Ṣèyílọ́lá, ọ̀rẹ́ olóògbé tí wọ́n jọ ń kàwé.

"Mi ò pa á o, Mà," Yísà ń sunkún. "Mo kàn ti ilẹ̀kùn ni, mi ò wo inú."

"Mo wá mú un lọ sílé," ni Fọláránmi wí. "Mò ń pè é, kò pick call. Mo rò pé ó ń bínú ni, mo bá lọ. Ọlọ́run mi, mo lọ!"

"Èmi ti lọ kí ilẹ̀ tó ṣú," ni Ṣèyílọ́lá wí. "Ẹ bi Yísà, Mà. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná."

Rọ̀kíbátù fún wọn ní ìbọ̀wọ́ tuntun, ó ní kí wọ́n bá òun kó irinṣẹ́ orí tábìlì sínú àpótí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ní kí wọ́n bọ́ ọ. Yísà fi eyín fa tirẹ̀ ya. Fọláránmi ń fà á níka-níka. Ṣèyílọ́lá di ọrùn ọwọ́ ọ̀kan mú, ó ká a sínú èkejì, kò tilẹ̀ wo ohun tó ń ṣe.

"Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Tíṣà wa ni, Mà. Kí ẹ̀jẹ̀ má bàa kan—"

Rọ̀kíbátù gbé garawa síwájú rẹ̀. "Òkú kì í bọ́ ìbọ̀wọ́ tí ẹ̀jẹ̀ òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nínú ẹ̀yin mẹ́ta, ìwọ nìkan lo kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ báyìí. Kí ni Dábírà ṣe fún ẹ?"

Ṣèyílọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọsibítù kan ní Lẹ́kí ní ẹnì kan ṣoṣo làwọn máa gbà nínú wa. Wòlíì ìjọ wa ní èmi ni wọ́n máa gbà. Mo ti jó, mo ti jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ pé mo ti ríṣẹ́. Orúkọ Dábírà ló wá jáde. Ṣé kí n padà lọ sọ pé irọ́ ni? Ẹ̀yin àgbà náà lẹ ní ikú yá ju ẹ̀sín."

"Ikú ẹni tójú ń tì ni wọ́n ní," ni Rọ̀kíbátù dá a lóhùn, "kì í ṣe ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n tú Yísà sílẹ̀, bàbá rẹ̀ sì wá mú un lọ sílé. Ìyá Dábírà náà wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n òun kò rí ẹni mú lọ sílé.