Garawa Aáyù

"Má ṣe fi omi kàn án, má sì sá a sí oòrùn," ni Ìyá Àgbà wí, bí ó ti ń so aáyù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú mọ́ igi kan lábẹ́ ìbòòji ẹ̀yìnkùlé. Mùnírátù, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ń na èyí tó kù sí i. "Bí òjò bá ṣú, kó wọn wọlé, bí ó bá dá, gbé wọn síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn. Ìgbà tí awọ rẹ̀ bá ń dún bí ewé gbígbẹ ni kí o tó kó o sínú apẹ̀rẹ̀."

"Mo gbọ́, Ìyá Àgbà."

Ọdún 1956 ni. Kánò ni Ìyá Àgbà ti mú irúgbìn aáyù yìí wá sí Modákẹ́kẹ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú sí Kánò lọ́hùn-ún, kò sì jẹ́ kí ó run láti ọdún náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí Ìpetumodù láti wẹ ọmọ tí ọmọbìnrin rẹ̀ bí. Ọjọ́ mẹ́rin ni Mùnírátù fi kó aáyù wọlé, tó ń kó o jáde. Lọ́jọ́ karùn-ún, òjò ṣú, Dorcas, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé mọ́dà tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sì sáré dé.

"Wọ́n ń mú àwọn tí yóò sáré fún ilé ìwé wa! Bí o kò bá wá báyìí, orúkọ ẹlòmíràn ni wọn yóò kọ."

Awọ aáyù ṣì rọ̀ lọ́wọ́ Mùnírátù. "Ó ti gbẹ tó," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú garawa, ó dé e pa, ó lọ. Wọ́n mú un. Láti ọjọ́ náà, eré sísá ló kù lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òórùn kan gba inú ilé. Nígbà tí ó ṣí garawa, ooru rọ́ lù ú lójú. Aáyù ti bu, òmíràn ti jẹrà. Ó fi ẹkún pe Dorcas wá wò ó.

"Sọ pé ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́," ni Dorcas wí. "Ta ni yóò bi ewúrẹ́ léèrè?"

Mùnírátù ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ garawa. Díẹ̀ níbẹ̀ ṣì le. Kò mọ bí a ti í gbà wọ́n là. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ní Ìpetumodù. Ó ní kí Dorcas bá òun sọ fún bàbá òun pé òun lọ bá Ìyá Àgbà, ó gbé garawa rù, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Ìyá Àgbà ń fi àdí pa ọmọ lára nígbà tí ó rí i. "Mùnírátù! Ta ló kú?"

Ó kúnlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá Àgbà. Aáyù yín ni. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo dé e mọ́ garawa kó tó gbẹ, nítorí pé mo fẹ́ lọ sáré."

Ìyá Àgbà da aáyù sórí ẹní. Ó mú ẹyọ kan tó ti jẹrà, ó wò ó títí, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bojú wo ẹsẹ̀ Mùnírátù, tí eruku ti sọ di pupa.

"Ẹsẹ̀ lo fi rìn wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ náà. "Inú bí mi o," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Dìde, jẹ́ ká ṣà á."

Wọ́n ṣà á títí di ìrọ̀lẹ́. Nínú bí igba, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n péré ló yè. "Bí o bá dúró dè mí ní ilé ni," ni Ìyá Àgbà wí, "ẹyọ kan kò ní ṣẹ́kù."

Lọ́dún náà, wọn kò fi aáyù sí ọbẹ̀. Irúgbìn ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Mùnírátù ló gbìn ín, ó sì hù.

Kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́ ló máa ń rí nǹkan gbà là nínú rẹ̀.