Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ófùn

Shukurat fi orúnkún ti ófùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tán, ṣùgbọ́n kò wọlé.

"Ṣé kò gbà ni?" Màmá Gbénró bèèrè lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

"Ó máa gbà, mà. Káfíńtà tó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù yìí ló jẹ́ kó há jù."

Àwọn tó ń kọ́lé sí Àgídìngbì lóde òní fẹ́ràn kíṣìnì tí gbogbo nǹkan ti wọ inú ògiri, tí ojú kò ní rí wáyà, tí kò ní rí rọ́bà gáàsì. Ó máa ń dán bíi kíṣìnì inú fíìmù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tún irú ófùn bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà á kúrò láàárín pákó bí ẹni ń fa eyín, láìjẹ́ kí pákó bó. Iṣẹ́ yìí ni Nùréènì, bàbá Shukurat, ń ṣe láti ìgbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Agége, òun náà ló sì ba ìbàdí rẹ̀ jẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, kò lè dìde lórí ẹní. Shukurat ti parí ìdánwò WAEC, ó sì ti mọ iṣẹ́ náà dé ibi tó lè dá a ṣe, nítorí náà bàbá rẹ̀ rán an.

"Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń fà á," ni ọ̀rọ̀ tó sọ fún un kí ó tó jáde. "Tí o bá ti tún un ṣe tán, tí o ti tì í wọlé, tún fà á jáde padà, kí o fi omi ọṣẹ pa rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ófùn lè tẹ rọ́bà mọ́ irin nígbà tó bá ń wọlé. Tí ọṣẹ yẹn bá hó, gáàsì ń jò nìyẹn."

Fóònù rẹ̀ dún. Fatimah ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe ní ilé áísìkiriìmù kan ní Allen.

"Ẹnjiníà, ṣé inú ófùn lo sùn sí ni? Gbogbo wa ti dé o. Tí o kò bá tètè wá, a máa jẹ tìẹ mọ́ tiwa."

"Mò ń bọ̀, jọ̀ọ́."

Shukurat fi gbogbo ara ti ófùn. Nǹkan kan tako ó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, nǹkan rírọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ìka ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ófùn wọlé. Ó tan án, iná aláwọ̀ búlúù sì jó yíká dáadáa. Inú Màmá Gbénró dùn.

"Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n wo ẹ̀gbẹ́ pákó yìí, ó ti bó. Ìwọ àti Gbénró ọmọ mi lẹ máa jọ sọ ìyẹn. Ṣé o ò kúkú ní fà á mọ́?"

Shukurat wo ike omi ọṣẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì rẹ̀. Fóònù tún gbọ̀n nínú àpò rẹ̀.

"Rárá, mà. Ó ti parí."

Ní pálọ̀, Divine, ọmọ-ọmọ màmá náà, ń to àbẹ́là sínú àwo tí wọ́n gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò jìnnà sí ilẹ̀kùn kíṣìnì. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ. Màmá ti wọ sùtánà funfun, túràrí sì ti gba gbogbo ilé débi pé Shukurat kò lè gbọ́ òórùn mìíràn.

"Tí a bá gbàdúrà ìrọ̀lẹ́ tán la máa yan kéèkì Divine," ni Màmá wí, ó sì ti fèrèsé kíṣìnì nítorí ẹ̀fọn. "Má wulẹ̀ ti gáàsì pa. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé ẹ̀yìn ilé níbi tí sílíńdà wà."

Ní Allen, inú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dùn. Fatimah na ìka sí i. "Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ fíríìjì wọn o. Ó máa tú u." Wọ́n rẹ́rìn-ín, Shukurat náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣíbí kan áísìkiriìmù ni bàbá rẹ̀ pè.

"Ṣé o fà á lẹ́ẹ̀mejì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

"Ọṣẹ yẹn ò hó?"

"Kò hó, sà."

"O ṣeun. Ilé yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n máa ń tan àbẹ́là sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gáàsì kì í sì í lọ sókè. Ilẹ̀ ló máa ń gbà, bí omi."

Áísìkiriìmù kò ní adùn kankan mọ́. Òòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn ilé báńkì, gbogbo òpópónà pọ́n. Shukurat jókòó bí ẹni tó ń lálàá. Lọ́kàn rẹ̀, ó rí nǹkan tí kò ní àwọ̀ tó ń jáde láti inú ògiri, tó rọra gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, tó ń wá àwo kan lọ. Ó pe Màmá Gbénró. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè.

"Kí ló dé?" ni Fatimah bèèrè.

"Mo gbàgbé nǹkan síbi iṣẹ́."

"Ṣebí ọ̀la wà."

"Kò lè di ọ̀la." Ó ti dìde.

Orí ọ̀kadà ló ti pe bàbá rẹ̀ padà, ó sì sọ òtítọ́ fún un. Ó ń retí kí ó pariwo. Bàbá rẹ̀ kò pariwo.

"Má tẹ bẹ́ẹ̀lì wọn," ni ó wá sọ. "Iná kékeré inú bẹ́ẹ̀lì tó láti mú kí gáàsì gbiná. Gba ẹ̀yìn ilé, kí o kọ́kọ́ ti gáàsì pa. Lẹ́yìn náà kí o fi ọwọ́ kànkùn."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ti sílíńdà pa, ó rò pé ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti jò sínú ilé ṣì wà nínú ilé. Orin àdúrà ń jáde láti pálọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó kan ilẹ̀kùn. Orin kò dúró. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ kàn án títí Divine fi ṣí i.

"Màmá ní kí ẹ dúró, a ò tíì parí."

Shukurat di ọmọ náà lápá, ó fà á síta. "Màmá, ẹ jáde, ẹ jọ̀ọ́. Gáàsì ń jò."

Màmá Gbénró fọwọ́ ti àga, ó dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Gáàsì wo? Ṣebí o ní ó ti parí?"

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni gáàsì náà gbiná, kò sì pariwo púpọ̀. Ó kàn dún bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ nílẹ̀ kíákíá. Ó tàn láti ibi àwo àbẹ́là, ó sáré lórí ilẹ̀ wọ kíṣìnì, gíláàsì fèrèsé sì fọ́. Lẹ́yìn náà ó kú. Àwọn Aládùúrà kì í wọ bàtà tí wọ́n bá ti wọ sùtánà, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán ni Màmá fi dúró nínú iná yẹn. Etí sùtánà rẹ̀ ń jó. Shukurat sáré wọlé, ó bọ́ híjáàbù rẹ̀, ó fi bò ó mọ́lẹ̀ títí iná náà fi kú.

Ní ọsibítù, Nùréènì tẹ̀ lé ògiri wọlé, ó di ìbàdí mú. Gbénró, ọmọ Màmá, ti dé. Kò bínú.

"Ṣé rọ́bà yẹn ti gbó ni, Bàbá?"

Nùréènì wo ọmọ rẹ̀. Ó rọrùn láti sọ pé ó ti gbó. Shukurat mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa já irọ́ náà.

"Kò gbó, sà," ni ó sọ. "Èmi ni mo ti ófùn tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Ó yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò."

Màmá Gbénró la ojú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Nígbà tí o ń jáde nílé mi, ṣé o mọ̀ pé o ò yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mo mọ̀, mà."

Màmá yí ojú sí ògiri.

Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n Màmá kò tún rìn láìsí ọ̀pá mọ́, kò sì sẹ́nì kankan ní àdúgbò yẹn tó tún pe Nùréènì sí kíṣìnì rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má ṣe rò pé àìmọṣẹ́ ló fa iná yẹn. Shukurat mọṣẹ́. Ó mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe, ó fi í sílẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má bàa dúró dè é, ẹlòmíràn ló sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ san án.